Awọ Àkurákudà Lábẹ́ Ọkọ̀: Bí Ebè Tí Ojú Kò Rí Ṣe Ń Lé Àwọn Ẹ̀dá Alẹ̀mọ́ Sẹ́yìn

Lọ́dún 2002, ní èbúté Pearl Harbor ní Hawaii, ọkọ̀ abẹ́ omi kan tó jẹ́ ti àwọn ológun Amẹ́ríkà ń ti ojú òkun bọ̀ wálé. Ewé òkun ti bo ara rẹ̀, ó tutù minimini, ó sì ń wọ́ bọ̀ lórí omi. Anthony Brennan wà lára àwọn tó dúró létí èbúté tí wọ́n ń wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni nípa ìmọ̀ ohun èlò ní Yunifásítì Florida, àwọn ológun ojú omi ló sì pè é pé kó bá àwọn wá ọ̀nà tí ìdí ọkọ̀ yóò fi máa mọ́ láìlo májèlé.

Àbùùbùtán ni ọkọ̀ náà jọ lójú Brennan. Ìbéèrè kan sì sọ sí i lọ́kàn: nínú àwọn ẹran ńlá inú òkun tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré, èwo ni ewé kì í hù lára rẹ̀? Kì í ṣe àbùùbùtán gbogbo, nítorí oríṣi kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ìkarahun aràn-ni-lára ló ń rù kiri lágbárí àti létí lẹbẹ. Àkurákudà ni ìdáhùn tó rí gbà.

Wọ́n tẹ ohun rírọ̀ mọ́ awọ àkurákudà, wọ́n sì gbé àmì tó fà yọ sábẹ́ máíkírósíkópù. Ara tí ojú ń rí bí ohun tó dán náà kò dán rárá. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló tò ó, eyín ẹnu àkurákudà àti ìpẹ́ náà sì jẹ́ irú ohun kan náà. Lórí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ebè tín-ín-rín wà, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, tàárín gùn, tẹ̀gbẹ́ kúrú. Brennan wọn ìbú ebè náà, ó wọn gíga rẹ̀, ó sì gbà pé bóyá ibẹ̀ ni àṣírí wà: bí ojú ara ṣe rí lè lé ẹ̀dá alẹ̀mọ́ sẹ́yìn, láìsí pé ohunkóhun pa á.

Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀

Ohunkóhun tí wọ́n bá rì sínú omi òkun kì í dá wà pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èròjà puròtéènì àti ti ṣúgà tó ti yòrò sínú omi yóò ti tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lára. Bakitéríà á tẹ̀ lé e, àwọn ewéko tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí á sì tẹ̀ lé bakitéríà. Nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, wọ́n á tu nǹkan kan jáde tó ń yọ̀ bí omi ilá. Ẹni tó bá ti gun òkúta etí odò rí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ti mọ nǹkan ọ̀hún.

Irúgbìn ewé òkun kì í pẹ́ dé lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó ń yọ ìdí ọkọ̀ lẹ́nu jù ni ewé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ulva. Irúgbìn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 5 lọ ní ìbú. Mílímítà kan ṣoṣo tí wọ́n bá pín sí ọ̀nà 1,000 ni máíkírómítà. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó 70 sí 100 irú rẹ̀. Irúgbìn yìí ní ìrù mẹ́rin tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Bó bá bá ojú ohun kan pàdé, á máa yí orí rẹ̀ ká, á máa tọ́ ọ wò. Ibi tó bá bá a lára mu ni yóò tu gọ́ọ̀mù rẹ̀ sí, kò sì tún ní ṣípò mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni bánákù, onílé ìkarahun kékeré tó máa ń rí bí òkè tí wọ́n gé orí rẹ̀. Charles Darwin lo ọdún mẹ́jọ lórí rẹ̀ nìkan, láti 1846 sí 1854. Ọmọ bánákù tó fẹ́ wábi gbé kò gùn ju ìdajì mílímítà lọ, kì í sì í jẹun ní àkókò náà. Ọ̀rá tó kó pamọ́ sára ló ń ná. Ìwo méjì iwájú orí rẹ̀ ló fi ń rìn. Á gbé ọ̀kan, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbé èkejì, á sì máa fi ipa puròtéènì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí bánákù mìíràn tó bá kọjá yóò fi mọ̀ pé àwọn ará ilé ti débẹ̀ ṣáájú. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi orí sọlẹ̀, á da símẹ́ńtì ara rẹ̀ jáde, á sì kọ́ ilé yí ara rẹ̀ ká. Láti ọjọ́ náà títí tí yóò fi kú, orí ló fi dúró, ẹsẹ̀ ló sì fi ń gbọ́n oúnjẹ sẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí i kúrò lè fọ́ ìkarahun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí ilé náà sábà máa ń kù sára ọkọ̀.

Èbúté Èkó ní bánákù tirẹ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 1966 lórí wọn fi hàn pé iyọ̀ inú omi ló ń darí ìgbé ayé wọn. Nígbà òjò, omi odò á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ á dín kù, ibi tí bánákù lè gbé á sì súnmọ́ ẹnu òkun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi òkun tún wọlé, wọ́n á tún gba ilẹ̀ tí wọ́n pàdánù. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ èrò lórí ọ̀sà náà kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n á ní bí ìdí ọkọ̀ bá ti dọ̀tí, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, epo á máa lọ, ọkọ̀ kò sì ní sáré. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn, kí wọ́n dà á délẹ̀, kí wọ́n sì fi ohun mímú ha á.

Iye tó ń ná ni

Ọkọ̀ ńlá kò ṣeé dà délẹ̀ sórí iyanrìn. Michael Schultz, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò lọ́dún 2007 lórí ọkọ̀ ogun kan tí kò tóbi jù. Ó fi ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ dán wéra pẹ̀lú èyí tó dọ̀tí. Ohun yíyọ̀ tó nípọn lára ọkọ̀, láìsí ìkarahun kankan, lè mú kí agbára tí ẹ́ńjìnnì nílò fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bó bá jẹ́ pé bánákù àti àwọn onílé ìkarahun mìíràn ló bò ó ṣíkítí, ìdá 86 ni.

Lọ́dún 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ṣe ìṣirò owó. Oríṣi ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo nínú àwọn tí Amẹ́ríkà ní, èyí tí wọ́n ń pè ní DDG-51, ń pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 56 dọ́là lọ́dún nítorí ẹ̀dá alẹ̀mọ́. Epo ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Owó tí wọ́n fi ń fọ ìdí ọkọ̀ àti èyí tí wọ́n fi ń kùn ún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Epo tó bá sì jó lásán ti di èéfín nínú afẹ́fẹ́.

Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ dọ̀tí máa ń kó àlejò láti ìlú dé ìlú. Ní 1999, ìṣáwùrú onílà dúdú kan tí kò ti ilẹ̀ Ọsirélíà wá rí bẹ́ sílẹ̀ ní èbúté ìlú Darwin, ní àríwá ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni wọ́n fura sí pé ó gbé e wá. Ìjọba ti èbúté tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń gúnlẹ̀ sí pa, wọ́n da kílórínì àti èròjà bàbà sínú omi rẹ̀, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ sì kú pẹ̀lú àlejò náà. Wọ́n rẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú òkun.

Bàbà, lẹ́yìn náà májèlé

Ìjà yìí ti pẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ pákó, kòkòrò tó ń lu igi nínú omi gbígbóná ilẹ̀ olóoru ló ń bani lẹ́rù jù. Lọ́dún 1761, àwọn ológun ojú omi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà pẹlẹbẹ bo ìdí ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní HMS Alarm, wọ́n sì rán an lọ sí erékùṣù Karibíánì. Kòkòrò kò lè lu ú, ewé kò sì hù sí i. Àléébù kan ṣoṣo ló yọjú, ìyẹn ni pé ìṣó irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbà náà jẹ tán. Wọ́n wá ojútùú sí ìyẹn náà, nígbà tó fi máa di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1780, bàbà ti wà lábẹ́ púpọ̀ nínú ọkọ̀ ogun wọn.

Lára ọkọ̀ oníṣòwò tó kọ́kọ́ gba bàbà mọ́ra ni àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó ẹrú láti etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìdí rẹ̀ kò farasin: ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ mọ́ ń yára, owó àwọn tó ni ín sì tètè ń wọlé. Ìtàn bàbà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í sábà dárúkọ apá yìí.

Ní 1824, Humphry Davy, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó lókìkí jù nígbà náà, fẹ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín bàbà tó ń jẹ dànù kù. Ó so irin tàbí síńkì mọ́ bàbà ìdí ọkọ̀, ó sì ṣiṣẹ́: irin ló ń jẹ, bàbà kò jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ewé àti bánákù fi bo àwọn ọkọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ó ti hàn gbangba pé bàbà tó ń yòrò díẹ̀díẹ̀ sínú omi ló ń pa àwọn ẹ̀dá náà. Májèlé ni bàbà. Ọkọ̀ tí kò bá tu májèlé, á dọ̀tí.

Èrò yìí ló darí ọ̀rọ̀ náà fún ọdún tó lé ní ọgọ́jọ. Lẹ́yìn 1960, ọ̀dà tuntun kan gbòde, tí èròjà rẹ̀ ń jẹ́ TBT. Ó lágbára ju bàbà lọ fíìfíì, ọkọ̀ sì lè fi lo ọdún púpọ̀ láìgun èbúté àtúnṣe. Àwọn tó ń sin ọ́yísítà ní ọ̀sà Arcachon ní ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ fara gbá a. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1970 lọ, ọmọ ọ́yísítà kò yè mọ́, ìkarahun àwọn tó dàgbà sì nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹran inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1982, ìjọba Faransé fòfin de ọ̀dà náà lára ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 25. Ní etíkun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ rí i pé abo ìgbín òkun kan ti ń hu nǹkan akọ, kò sì lè bímọ mọ́. Bí ọ̀dà náà bá wà nínú omi díẹ̀ péré, èyí á ṣẹlẹ̀. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ojú omi ṣe àdéhùn lọ́dún 2001 láti fòpin sí i. Àdéhùn náà di òfin ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ padà sí ọ̀dà bàbà. Àwọn mìíràn gba ọ̀dà sílíkóònù, tó máa ń yọ̀ débi pé ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á já bọ́ bí ọkọ̀ bá sáré. Ìyọnu tibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó bá dúró pẹ́ ní èbúté kò rí eré tí yóò fi gbọn ara rẹ̀ nù. Ibi tí nǹkan dé rèé nígbà tí Brennan ń wo ọkọ̀ abẹ́ omi ní Pearl Harbor.

Ebè máíkírómítà méjì

Brennan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò da awọ àkurákudà kọ bó ṣe rí gan-an. Wọ́n mú bí ebè rẹ̀ ṣe tò, wọ́n sì dín in kù kó lè bá irúgbìn Ulva mu. Ebè kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní máíkírómítà 2, ó ga ní 3, poro àárín ebè méjì sì fẹ̀ ní 2. Gígùn wọn yàtọ̀, láti 4 dé 16, wọ́n sì tò ó kí àárín gùn kí ẹ̀gbẹ́ kúrú, bíi ti ìpẹ́ ọ̀hún. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Sharklet.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkàn kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán ebè sórí sílíkọ́nì pẹlẹbẹ, wọ́n á fi èròjà jẹ ibi tó yẹ kó jìn, wọ́n á sì da sílíkóònù olómi lé e lórí. Bí ó bá dì, wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí awọ. Ojú tó wà nísàlẹ̀ yóò ti gba àmì gbogbo ebè náà. Bí èèyàn bá fọwọ́ pa á, á rò pé ó dán ni.

Ní Yunifásítì Birmingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Maureen Callow àti James Callow ti ń ṣèwádìí lórí Ulva, wọ́n rì í sínú omi tó kún fún irúgbìn ewé náà. Nígbà tí èsì jáde ní 2006, irúgbìn tó jókòó sórí Sharklet fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí èyí tó jókòó sórí sílíkóònù tó dán. Kò sí májèlé kankan nínú rẹ̀. Sílíkóònù kan náà ni méjèèjì. Ebè nìkan ni ìyàtọ̀.

Èsì mìíràn tó jáde nínú iṣẹ́ kan náà kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó gbajúmọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe poro gbọọrọ tó fẹ̀ ní máíkírómítà 5, irúgbìn kò sá. Ńṣe ni wọ́n wọnú poro náà, wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ ju orí ibi tó dán lọ. Irúgbìn tó fẹ̀ ní 5 ti rí yàrá tó bá a mu. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ojú gbágungbàgun ló ń lé ẹ̀dá alẹ̀mọ́. Òmíràn ń pè wọ́n wá.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbà jù lórí èyí dá lórí iye ibi tí ẹ̀dá náà lè fara kan. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ nǹkan nílò ibi púpọ̀ tí ara rẹ̀ yóò ti kàn án. Bí poro bá fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, á wọnú rẹ̀, ilẹ̀ á kàn án, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á kàn án, ìgbì omi kò sì ní rí i gbá. Bí poro bá kéré sí ara rẹ̀, orí ebè nìkan ló máa gbé dúró, ìdìmú rẹ̀ kò sì ní le. Sharklet tún fi ohun kan lé e: nítorí pé gígùn àwọn ebè kò dọ́gba, ẹ̀dá tó bá jókòó lé e kò ní rí ibì kan tí ara rẹ̀ yóò ti balẹ̀ lọ́gbọọgba.

Gíga ebè náà kó ipa tirẹ̀. Ní 2007, àwọn ará Florida àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn fi hàn pé bí gíga ebè bá ṣe ń ju ìbú rẹ̀ lọ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye irúgbìn ewé àti iye ọmọ bánákù tó ń jókòó ń dín kù sí i. Wọ́n ṣe Sharklet mìíràn fún bánákù nìkan, tí ebè rẹ̀ ga ní máíkírómítà 40, tó sì fẹ̀ ní 20. Ọmọ bánákù tó jókòó sórí rẹ̀ fi ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Níbí gan-an ni wàhálà wà. Bakitéríà kò ju nǹkan bíi máíkírómítà kan lọ, irúgbìn Ulva jẹ́ 5, ọmọ bánákù sì tó 500. Poro tó fẹ̀ ní 20 tí ọmọ bánákù ń sá fún jẹ́ ààfin fún irúgbìn ewé. Inú òkun kò sì rí bí yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń mú ẹ̀dá kan wọlé lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi yí sí títo ebè kékeré sórí ebè ńlá. Ní Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina, Kirill Efimenko, Jan Genzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn na rọ́bà sílíkóònù, wọ́n mú kí ojú rẹ̀ le, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ojú náà hunjọ, ìhunjọ kékeré sì wà lórí ìhunjọ ńlá, láti èyí tó kéré ju bakitéríà lọ dé èyí tí ojú lè rí. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé ó wà nínú òkun fún ohun tó lé ní ọdún kan tí bánákù kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọn.

Awọ mìíràn, ọgbọ́n mìíràn

Àkurákudà ló gba òkìkí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ní irú awọ bẹ́ẹ̀. Ara ìkarahun ìṣáwùrú aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní mọ́sùlù ní awọ fẹ́lẹ́ lórí, awọ náà sì ní ebè tó fẹ̀ ní bíi máíkírómítà 1 sí 2. Níwọ̀n ìgbà tí awọ yẹn bá wà, ìkarahun náà máa ń mọ́. Ibi tó bá ti bó, ẹ̀dá alẹ̀mọ́ á dé ibẹ̀. Àbùùbùtán kan tí orí rẹ̀ rí róbótó wà tí bánákù kì í tò sí lára bíi ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ihò wẹ́wẹ́ tí ebè tín-ín-rín yí ká ni wọ́n rí lára awọ tirẹ̀.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì kan, Bers àti Wahl, da ojú ara ẹran òkun mẹ́rin kọ: ti akàn, ti mọ́sùlù, ti àpò ẹyin àkurákudà kékeré kan, àti ti ẹ̀dá kan tó jọ ìràwọ̀ òkun. Wọ́n rì wọ́n sínú òkun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lé àwọn kan sẹ́yìn, kò sì sí èyí tó lé gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára wọn rọ̀. Ohun tí èyí fi yéni ni pé awọ ẹran kì í dá ṣiṣẹ́. Akàn ń bọ́ èèpo rẹ̀, ẹja ń tu omi yíyọ̀, àkurákudà kì í sì í dúró lójú kan. Ebè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìjà wọn. Àwọn ìròyìn tó máa ń pe àkurákudà ní ẹja tí ìdọ̀tí kì í kàn kì í sọ apá yìí.

Ọgbọ́n àwọn ewé yàtọ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ewé kókò nígbà òjò mọ̀ pé omi kì í dúró lórí rẹ̀. Á ká jọ, á sì yí dànù pẹ̀lú eruku tó bá lọ́nà. Wilhelm Barthlott, ti Yunifásítì Bonn, àti Christoph Neinhuis ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1997: ìda fẹ́lẹ́ lórí òkè wẹ́wẹ́ ni kì í jẹ́ kí omi kan ewé gan-an. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín. Àyẹ̀wò tó jáde ní 2011 lórí ewé kókò tí wọ́n rì sómi fi hàn pé ojú ewé náà ń kọ bakitéríà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí omi òkun bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ tán.

Nítorí náà ni àwọn ará Yunifásítì Harvard ṣe fi òróró rọ́pò afẹ́fẹ́. Wọ́n wo ewé ajẹkòkòrò kan tó ń jẹ́ Nepenthes, tí etí ìkòkò rẹ̀ máa ń tutù débi pé èèrà tó bá gùn ún á yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀. Joanna Aizenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n fi òróró kún inú ihò náà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2011. Ní 2017, wọ́n fi mọ́sùlù dán an wò. Mọ́sùlù máa ń na ẹsẹ̀ kan láti tọ́ ilẹ̀ wò kó tó tu okùn tó fi ń so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí òróró yìí, ẹsẹ̀ náà kò mọ̀ pé òun ti dé orí ilẹ̀, ó ń tọ́ kiri lásán. Wọ́n gbé e lọ sí èbúté Scituate ní Massachusetts fún ọ̀sẹ̀ 16, ó sì mọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Ìdí tí kò fi tíì wà lábẹ́ ọkọ̀ ńlá

Ìdí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà onígun mẹ́rin. Kò sí ẹni tó lè fi ìmọ́lẹ̀ ya ebè máíkírómítà méjì sórí gbogbo rẹ̀. A lè tẹ̀ ẹ́ sórí rọ́bà fẹ́lẹ́, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ bí ìwé ara ògiri, ṣùgbọ́n ìdákọ̀ró á ha á, iyanrìn á ha á, etí rẹ̀ á sì ṣí. Àwọn tó ń kun ọkọ̀ sọ pé ohun tí wọ́n lè fi páìpù fọ́n ni wọ́n ń fẹ́, torí ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà ní ibùdó àtúnṣe, owó ló ń jẹ, kò mú kọ́bọ̀ wọlé.

Ohun yíyọ̀ tí bakitéríà ń tu náà tún wà níbẹ̀. Kò pa ebè rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dí poro. Bí poro bá ti dí, irúgbìn tó bá dé lẹ́yìn náà kò mọ̀ pé ebè wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ebè á jẹ. Omi ilẹ̀ olóoru tún mú kí ọ̀rọ̀ náà nira sí i: ní àwọn èbúté ilẹ̀ òtútù, bánákù ní àsìkò tó ń bímọ, nígbà tó jẹ́ pé níbi tí omi ti ń gbóná yípo ọdún, ìgbà gbogbo ni ọmọ ẹ̀dá alẹ̀mọ́ wà nínú omi. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe lórí irú ojú ara wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ní yàrá àyẹ̀wò àti ní etíkun Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ilé ìwòsàn ni Sharklet kọ́kọ́ rí ọ̀nà gbà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007, wọ́n fi bakitéríà tó máa ń mú kí egbò kẹ̀ sórí Sharklet àti sórí sílíkóònù tó dán. Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ó ti bo ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó dán, ìdá 7 péré ló sì bò lára Sharklet. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀, rọ́bà tí wọ́n ń fi fa ìtọ̀ lára aláìsàn sì wà lára ohun tí iléeṣẹ́ náà dojú kọ. Ẹni tí wọ́n fi rọ́bà sí lára kò ní lò ó fún ọdún márùn-ún, ibi tí wọ́n fẹ́ fi ebè sí kò sì ju gígùn apá lọ. Ohun tó ká Sharklet lọ́wọ́ kò lábẹ́ ọkọ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀.

Ohun kan náà, pé ibi kékeré tí wọn kò ní lò pẹ́ ló bá ebè mu, ni àwọn onímọ̀ ń sọ nísinsìnyí nípa inú òkun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sínú omi láti fi mọ bí iyọ̀, ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ sí ní fèrèsé kékeré kan, tí ewé bá sì ti bò ó, irọ́ ni yóò máa sọ. Wọn kò lè fi ọ̀dà bàbà kùn ún, torí bàbà náà yóò ba ohun tó ń wọ̀n jẹ́. Fèrèsé náà kéré, òṣìṣẹ́ ń yọ ọ́ jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n sì lè tẹ ebè sórí rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kó tó dé etí omi. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun ibùdó àtúnṣe lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún márùn-ún kò lè ra ohun tí agbára rẹ̀ yóò tán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ni irú ẹ̀rọ yìí lè rà á.